Ọ̀dà Pupa Lára Pọ́ǹpù Ìyá Àgbà Ruon

"Pọ́ǹpù, pọ́ǹpù, kí lo rí nísàlẹ̀?
Omi ni mo rí, omi ni!
Ta ló rán ọ lọ bù ú wá?
Òùngbẹ ni, òùngbẹ ni!"

Mealea ló dá orin náà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, Mealea náà ló sì gbè é. Ó dá a, ó dákẹ́ díẹ̀, bí ẹni pé ẹnì kan ṣì lè dáhùn lábẹ́ igi máńgòrò. Nígbà tí kò sẹ́ni tó dáhùn, ó gbè é fúnra rẹ̀. Orin elégbè kì í sì dùn lẹ́nu ẹnì kan ṣoṣo. Àgbébọ̀ adìẹ kan gbójú sókè wò ó bí ẹni tó ń bi í pé kí ló ń ṣe ọ́, ó sì bá ilẹ̀ títàn rẹ̀ lọ.

Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni Mealea. Òun àti ìyá àgbà rẹ̀, Ìyá àgbà Ruon, nìkan ló ń gbé inú ilé onípákó ẹlẹ́sẹ̀ gíga tó wà ní ìpẹ̀kun abúlé Prek Rumdul, létí odò Mekong ní ilẹ̀ Khmer. Bàbá àti ìyá rẹ̀ wà ní Thailand, wọ́n ń gbé búlọ́ọ̀kù fún àwọn akọ́lé. Ohùn wọn ló ń wálé, ara wọn kì í wá. Ní ọjọ́ ìsinmi, fóònù á dún, ìyá rẹ̀ á ní, "Ṣé ẹ ti jẹun?" Bàbá rẹ̀ á ní, "Ṣé ò ń kàwé rẹ?" Lẹ́yìn náà, ìlà á já, ilé á sì tún pa lọ́lọ́.

Ṣùgbọ́n nígbà kan rí, kò sẹ́ni tó lè sọ pé ìdákẹ́rọ́rọ́ ń gbé inú agbálá yẹn. Bàbá àgbà Mealea ló gbẹ́ kànga-dẹ̀rọ sí i kó tó kú, òun sì ni àkọ́kọ́ ní apá ibẹ̀. Ìyá àgbà Ruon kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, garawa á tò bí ọmọ ilé-ìwé. Ẹnì kan á di apá pọ́ǹpù mú, á máa tẹ̀ ẹ́, á máa gbé e, àwọn yòókù á máa gbe orin, wọ́n á máa bú ara wọn, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín títí omi á fi kún. Ibi tí omi bá wà, èrò kì í wọ́n níbẹ̀.

Ọ̀dà ló tú èrò náà ká.

Oṣù kọkànlá ni obìnrin kan tó ń jẹ́ Sorya wá láti ọ́fíìsì omi, pẹ̀lú àwọn ìgò kéékèèké àti bébà tó ń pa àwọ̀ dà bí wọ́n bá rì í sómi. Ó bu omi pọ́ǹpù kọ̀ọ̀kan ní Prek Rumdul, ó yẹ̀ ẹ́ wò. Èyí tó dára, ó fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé kùn ún lọ́rùn. Èyí tí kò dára, ó fi ọ̀dà pupa kùn ún. Mẹ́fà ló pupa. Méjì péré ló gba àwọ̀ ewé, lọ́hùn-ún lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹ́ńpìlì, ní ìpẹ̀kun kejì abúlé. Ti Ìyá àgbà Ruon wà lára àwọn tó pupa.

"Oró kan wà nínú ilẹ̀ níbí," Sorya sọ fún àwọn èèyàn. "Kò lóòórùn, kò ládùn, ojú kò rí i. Ẹ má mu ún mọ́, ẹ má fi se oúnjẹ mọ́."

Ó ṣì ń sọ̀rọ̀ lọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ "oró" ti dí wọn létí. Ìyá àgbà Ruon tilẹ̀ ká ọwọ́ rẹ̀ sábẹ́ ìborùn onílà rẹ̀ ní gbogbo àsìkò yẹn, nítorí ojú ń tì í. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti le, ó yọ kókó wínníwínní bí èso àgbàdo, àyà rẹ̀ sì rí tótòtó bí ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá kán sórí eruku. Ó ti pẹ́ tó ti ń rí bẹ́ẹ̀. A máa ń sọ pé omi kò lọ́tàá. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, omi Ìyá àgbà Ruon di ọ̀tá gbogbo abúlé.

Ìgbà tí wọn kò nílò omi rẹ̀ mọ́ ni wọ́n tó rí ọwọ́ rẹ̀. Ìyá Rotha, aládùúgbò wọn tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ló kọ́kọ́ sọ ọ́.

"Àrùn ni nǹkan yẹn o," ó ní. "Ẹ má jẹ́ kí ọmọ yín jẹ ìrẹsì tó bá fi ọwọ́ yẹn pọ́n!"

Ìrẹsì inú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí Ìyá àgbà ń tà bẹ̀rẹ̀ sí í bá a padà wálé. Nílé-ìwé, wọ́n sún aga kúrò lọ́dọ̀ Mealea. Phalla, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, tí wọ́n jọ máa ń fi iyọ̀ àti ata jẹ máńgòrò tútù, kò sún aga. Ó kàn ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn lọ sílé ni. Ìyẹn ló dun Mealea jù.

Bí oṣù mẹ́ta ṣe kọjá nìyẹn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ó dá orin tó sì gbè é yẹn, Ìyá àgbà ti gbé oúnjẹ lọ fún àwọn àlùfáà ní tẹ́ńpìlì. Mealea wọ abẹ́ ilé lọ, ó fẹ́ wá okùn tí yóò fi sá aṣọ. Agolo ọ̀dà ló rí. Ọ̀dà tí bàbá rẹ̀ fi kun ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ kó tó tà á, kó tó lọ sí Thailand ni. Ó fi igi ṣí i. Ó ti dì lókè, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣì tutù. Àwọ̀ ewé ni.

Ó bá ara rẹ̀ jiyàn. Ó ní, oró ńkọ́? Ó dá ara rẹ̀ lóhùn pé, wọn yóò sè é. Ṣebí àwòrán ìkòkò tó ń hó ló wà lára ògiri kíláàsì wọn láti ìgbà tó ti wà ní kékeré? Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ gàdàgbà: SE OMI RẸ KÓ O TÓ MU ÚN, GBOGBO KÒKÒRÒ Á KÚ. Kò sí ọmọ Prek Rumdul tí kò mọ̀ ọ́n. Kí ni nǹkan tí iná kò lè pa? Ìyá Rotha gan-an ń se omi fún ewúrẹ́ rẹ̀!

Ó ti bọ búrọ́ọ̀ṣì bọ agolo kó tó parí àríyànjiyàn náà.

Ọ̀dà náà kò tíì gbẹ tí Phalla fi gun kẹ̀kẹ́ dé ojú ọ̀nà, garawa kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Ó fa bíréèkì gìrì.

"Hẹ̀ẹ́! Mealea! Ta ló wọ aṣọ tuntun fún pọ́ǹpù yín?"

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí Phalla bá a sọ láti oṣù mẹ́ta nìyẹn. Ó ṣì lè sọ pé òun ni, kí wọ́n fi rẹ́rìn-ín, kó tán síbẹ̀.

"Àwọn ọ́fíìsì omi ni," ó ní.

"Nígbà wo?"

"Láàárọ̀ yìí. Ẹ ti lọ sóko."

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní àwọn ṣì í yẹ̀ wò lọ́jọ́sí ni. Wọ́n ní omi wa dára. Ká ṣáà máa sè é."

Phalla wo pọ́ǹpù, ó wo garawa rẹ̀ méjèèjì, ó sì bú sẹ́rìn-ín. "Èmi wá gun kẹ̀kẹ́ dé tẹ́ńpìlì lásán! Ìdí mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di pátákó! Sún, jẹ́ n fà á wò."

Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ là ń ra irọ́. Kó tó di ọ̀la, ìròyìn ti kárí. Ẹ̀ẹ̀rùn ti mú, àmù omi òjò oníkálùkù ti ń fi ìdí hàn, ta ni yóò béèrè ìbéèrè méjì? Garawa tún tò. Igi máńgòrò tún gbọ́ ariwo. Ìyá Rotha pàápàá dé, ó gbé kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin.

"Mo ti máa ń sọ ọ́ pé kò sí nǹkan kan nínú omi yìí," ó ní.

"Ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀?" Phalla bi í. "Ẹnu yín tòní àbí ẹnu yín tàná?"

Gbogbo wọn fi ẹ̀rín gbà á. Ìyá àgbà Ruon jókòó lórí àkàsọ̀, ó ń mì sí orin wọn. Ojú rẹ̀ ti ṣú, kò fi bẹ́ẹ̀ mọ àwọ̀ mọ́. "Mealea," ó ní, "kí ló kó wọn padà wá?"

"Àwọn náà ló mọ̀, Ìyá àgbà."

"Hùn-ún," ni Ìyá àgbà wí. Kò béèrè mọ́.

Àárín àwọn tó ń wá ni ẹ̀gbọ́n Phalla wà, Sreymom, tí oyún rẹ̀ ti pé oṣù márùn-ún. Pọ́ǹpù tẹ́ńpìlì jìnnà sí i; ti ibí ló sún mọ́ ọn. Mealea kì í jẹ́ kó fọwọ́ kan apá pọ́ǹpù. Òun fúnra rẹ̀ ló ń fà á fún un.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ sè é o. Ẹ jẹ́ kó hó dáadáa."

"Ìwọ ọmọ yìí!" Sreymom á rẹ́rìn-ín. "Àfi bí olùkọ́ ìmọ́tótó. Ọmọ inú mi yìí, bó bá jẹ́ obìnrin, orúkọ rẹ ni n ó sọ ọ́."

Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ yẹ kó dùn mọ́ èèyàn. Ṣùgbọ́n bí Sreymom bá ti yí padà tán, tó ń gbé omi rẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀, ẹ̀rín á kúrò lójú Mealea. Ó ń gbe orin pẹ̀lú wọn, ẹnu rẹ̀ ń ṣí, kò gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Láàárín ogún èèyàn, òun nìkan ló mọ ohun tó mọ̀. Tẹ́lẹ̀, ó dá nìkan wà nínú agbálá òfìfo. Báyìí, ó dá nìkan wà láàárín èrò, èyí sì burú ju tàkọ́kọ́ lọ, nítorí kò sí ẹni tó lè ṣàánú rẹ̀.

Oṣù kan kọjá bẹ́ẹ̀. Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n ṣe ọdún tuntun tiwọn, nínú oṣù kẹrin, nígbà tí ooru bá mú jù, tí gbogbo ilẹ̀ Khmer máa ń sọ ara wọn dọ̀tun. Ọjọ́ náà ni Sorya wá sí ilé-ìwé wọn.

Ó gbé àwọn àwòrán ńlá kọ́ sára pátákó. Ọwọ́ ni gbogbo wọn. Àtẹ́lẹwọ́ tó le, tó yọ kókó wínníwínní bí èso àgbàdo.

"Ọwọ́ ìyá àgbà Mealea!" ọmọkùnrin kan kígbe lẹ́yìn. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, àwọn kan fà sẹ́yìn bí ẹni pé àwòrán náà lè fọwọ́ kàn wọ́n.

Sorya kò rẹ́rìn-ín. "Ẹni tó bá ní ọwọ́ báyìí," ó ní, "kò lè kó o ràn yín. Ẹ gbọ́ mi? Kì í ràn. Ẹ bá a jẹun, ẹ bá a sùn, ẹ dì mọ́ ọn. Omi ló fà á. Omi kànga olóró, tí èèyàn mu fún ọdún púpọ̀. Ìdí tí mo ṣe kun àwọn pọ́ǹpù yín nìyẹn."

Mealea tẹjú mọ́ àwọn àwòrán náà. Ṣé ọ̀dà pupa yẹn ni ẹ̀rí tí ìyá àgbà òun ní? Ọ̀dà náà gan-an ló yẹ kó jẹ́ kí gbogbo abúlé mọ̀ pé omi ni, kì í ṣe àrùn. Òun Mealea ló sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa á rẹ́! Ó na ọwọ́.

"Àǹtí, bí èèyàn bá sè é ńkọ́?"

"Ìbéèrè gidi nìyẹn," Sorya dáhùn. "Iná ń pa kòkòrò. Oró yìí kì í ṣe kòkòrò, kò ní ẹ̀mí tí iná fẹ́ gbà. Ẹ ti rí ọbẹ̀ tó gbẹ lórí iná rí? Omi rẹ̀ ló ń lọ. Iyọ̀ rẹ̀ kò lọ síbì kan. Ńṣe ló ń mú sí i. Bí ẹ bá ń se omi yẹn, ẹ kàn ń jẹ́ kí oró rẹ̀ ki ni."

"Aláboyún ńkọ́?"

"A! Aláboyún ló yẹ ká kọ́kọ́ gba ife lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má fòyà. Mo ti kun mẹ́fà ní pupa ní abúlé yín, ẹ ti mọ̀ wọ́n."

Phalla na ọwọ́ sókè. "Márùn-ún ni, Àǹtí. Ẹ ti padà wá kun ọ̀kan ní àwọ̀ ewé."

"Èmi? Mi ò tíì padà wá láti ọjọ́ náà." Sorya fa ojú ro. "Bóyá ẹlòmíì ló wá láti ọ́fíìsì wa. A pọ̀ níbẹ̀."

Phalla yíjú sí Mealea. "Àbí ẹlòmíì ni?"

Ilẹ̀kùn àbáyọ ṣí sílẹ̀ gbayawu. Kó ṣáà ní "bẹ́ẹ̀ ni". Ọ̀rọ̀ kan péré, kí agbálá máa kún lọ, kí orin máa dùn lọ, kí Phalla máa pè é ní ọ̀rẹ́. Mealea wo ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì rí i pé ojú náà ti gbà á gbọ́ kó tó sọ̀rọ̀. Ìyẹn ni kò lè fara dà.

Ó dìde. "Kò sẹ́ni tó wá," ó ní. "Èmi ni mo kùn ún."

Gbogbo kíláàsì yíjú sí i.

"O ní kí ni?" Phalla bi í jẹ́jẹ́.

"Ọ̀dà ọkọ̀ bàbá mi ni. Mo fẹ́ kí ẹ padà wá ni. Mo rò pé bí ẹ bá sè é…"

"Ẹ̀gbọ́n mi ń mu ún!" Phalla ti fò dìde, aga rẹ̀ ṣubú. "Oṣù kan! Ìwọ lo ń fà á fún un! O ń rẹ́rìn-ín sí i, o ń fà á fún un!" Ó sì sá jáde, ó ń sunkún lọ sílé.

Kí Mealea àti Sorya tó dé agbálá, èrò ti pé síbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí orin. Wọ́n gbé garawa, kẹ́ẹ̀gì àti ìkòkò wọn dé, wọ́n ń da omi nù sẹ́sẹ̀ pọ́ǹpù, agbálá di ẹrẹ̀.

"Ìyá rẹ ń gbé búlọ́ọ̀kù nílẹ̀ òkèèrè kó o lè jẹun," Ìyá Rotha ké mọ́ ọn, "ìwọ wá ń gbé májèlé fún wa nílé! Ṣé ẹ̀san nìyí?"

Sreymom náà wá. Kò bú u. Ó da omi rẹ̀ nù, ó dojú garawa délẹ̀, ó fi ọwọ́ gbá ikùn rẹ̀ mú, ó sì lọ. Èébú Ìyá Rotha dà bí àdúrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdákẹ́jẹ́ yẹn.

Sorya gun àkàsọ̀ lọ síbi tí Ìyá àgbà Ruon jókòó sí. Ó fa ọwọ́ arúgbó náà jáde lábẹ́ ìborùn, ó dì í mú nínú ọwọ́ tirẹ̀ méjèèjì níṣojú gbogbo èèyàn, kò sì fi í sílẹ̀ títí ó fi sọ̀rọ̀ tán.

"Ìyá yìí kò ní àrùn tó ń ràn. Ẹni tó ti mu omi yìí fún ogún ọdún ni. Sreymom mu ún fún oṣù kan. Oṣù kan kì í ṣe ogún ọdún. Kó dáwọ́ dúró lónìí, kó sì lọ rí àwọn nọ́ọ̀sì. N ó tún sọ èyí tí ẹ kò gbọ́ lọ́jọ́sí: ẹ lè fi omi pupa fọṣọ, ẹ lè fi fọlẹ̀, ẹ lè fi wẹ̀. Ẹnu ni kó má kàn."

Wọ́n gbọ́, wọ́n sì tú ká. Ọ̀rọ̀ tó wọ etí máa ń pẹ́ kó tó dé ọwọ́.

Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, Mealea jókòó sídìí pọ́ǹpù, ó ń fi ọ̀bẹ ha ọ̀dà àwọ̀ ewé náà kúrò. Ìyá àgbà sọ̀kalẹ̀ wá, ó jókòó tì í.

"Ẹ ń bínú sí mi, Ìyá àgbà?"

"Mo ń bínú. Di ọ̀bẹ yẹn mú dáadáa, á gé ọ lọ́wọ́." Ó fa ìborùn rẹ̀ mọ́ra. "Ojú mi ni kò ríran, orí mi ríran. Kí àlejò ọ́fíìsì wá sílé mi, kí ajá má gbó? Mo fura. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín àwọn ọmọ yẹn dùn mọ́ mi létí, mo sì pa ẹnu mọ́. Àwa méjèèjì la jọ jẹ gbèsè yìí."

Mealea ha díẹ̀ sí i. Ohun kan ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. "Láti ọjọ́ ọ̀dà pupa la ti fi omi yìí sílẹ̀. Àmù omi òjò la ń mu. Àǹtí Sorya sọ lójú ọ̀nà pé ẹni tó bá jáwọ́, ara rẹ̀ lè máa rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Kí ló dé tí ọwọ́ yín ṣì ń le sí i?"

Ìyá àgbà wo ọ̀nà odò.

"Ìyá àgbà?"

"Àmù kan la ní," ni arúgbó náà wí. "Omi rẹ̀ kò lè tó ẹni méjì títí di ìgbà òjò. Ìwọ ló ṣì ń dàgbà, ni mo bá fi í sílẹ̀ fún ọ, mo ń mu ti pọ́ǹpù."

Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ Mealea. Ó gbé orí lé itan ìyá àgbà rẹ̀, ó sì sunkún bí ọmọdé. Ọwọ́ líle yẹn ń pa á lórí, ó ń ha á nírun bí òkúta wẹ́wẹ́. Lọ́jọ́ kejì, òun fúnra rẹ̀ ló fi ọ̀dà tí Sorya fi sílẹ̀ kun pọ́ǹpù náà ní pupa, láti ọrùn dé ìsàlẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn, kó tó lọ sílé-ìwé, Mealea á gbé garawa méjì sí orí ọ̀pá, á gbé ọ̀pá lé èjìká, á rìn dé pọ́ǹpù tẹ́ńpìlì. Kò sẹ́ni tó ń kí i lójú ọ̀nà. Wọ́n á fún un láàyè lórí ìlà bí ìgbà tí èèyàn ń yẹ̀ fún ajá tó tutù. Garawa kan jẹ́ ti ìyá àgbà rẹ̀. Ìkejì, yóò gbé e sẹ́sẹ̀ àkàsọ̀ ilé Sreymom, yóò fi ewé bò ó, kò ní kan ilẹ̀kùn, yóò yí padà.

Lọ́jọ́ kìíní, nígbà tó padà dé ibẹ̀, wọ́n ti da omi náà sílẹ̀. Ó gbé garawa rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, bákan náà. Ọjọ́ kẹta, ọjọ́ kẹrin. Èjìká rẹ̀ bó. Lọ́jọ́ kẹfà, ilẹ̀ gbẹ. Garawa ṣófo, ẹnì kan ti ṣàn án, ó dojú rẹ̀ délẹ̀ kí eruku má bàa wọ̀ ọ́. Kò rí ẹnikẹ́ni. Ó kàn fọwọ́ kan ìdí garawa náà, ó ṣì tutù, ó sì gbé e lọ.

Ọdún tuntun dé. Ní ọjọ́ kẹta ọdún, àṣà wọn ni pé kí àwọn ọmọ fi omi olóòórùn dídùn wẹ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ àwọn àgbà, kí àwọn àgbà sì súre fún wọn. Gbogbo arúgbó abúlé ti tò sórí ẹní ní tẹ́ńpìlì. Ìyá àgbà Ruon kọ̀, kò lọ.

"Ta ni yóò fọwọ́ kàn mí níbẹ̀?" ó ní. "N kò fẹ́ kí wọ́n máa fi ojú wọn ọ̀nà tí wọn yóò gbà yẹra. Wẹ̀ mí níbí."

Fóònù ti dún láàárọ̀. Bàbá àti ìyá Mealea kò lè wá. Nítorí náà àwọn méjì péré ni. Mealea tẹ́ ẹní sábẹ́ igi máńgòrò, ó bu omi tẹ́ńpìlì sínú abọ́, ó já òdòdó funfun sí i. Láti ọ̀nà jíjìn, wọ́n ń gbọ́ ariwo ayọ̀ àwọn ẹlòmíì. Ó ń da omi náà díẹ̀díẹ̀ sórí àtẹ́lẹwọ́ ìyá àgbà rẹ̀, kò sì mọ̀ pé òun ti ń kọrin lábẹ́ ẹ̀mí. "Kí lo rí nísàlẹ̀?" Ó dá a. Ó dákẹ́.

"Omi ni mo rí, omi ni," ẹnì kan gbè é lẹ́yìn rẹ̀.

Phalla ni. Abọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Sreymom dúró sí ẹ̀yìn rẹ̀, ikùn rẹ̀ ti tóbi sí i.

"Mo ṣì ń bínú sí ọ," Phalla sọ.

"Mo mọ̀."

"Kì í ṣe ọ̀dọ̀ rẹ ni mo wá. Ọ̀dọ̀ Ìyá àgbà ni mo wá."

"Mo mọ̀."

"Ó dáa. Sún."

Phalla kúnlẹ̀. Ó kọ́kọ́ da omi náà láti òkè, kò fọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn náà, ó gbé abọ́ sílẹ̀, ó mú ọwọ́ arúgbó náà, ó sì ń fi àtàǹpàkò rẹ̀ fọ àwọn kókó náà níkọ̀ọ̀kan. Sreymom mú ọwọ́ kejì. Ìyá àgbà Ruon yíjú sí ikùn Sreymom láti súre. Ó ní, "Ọmọ inú yẹn á wá láyọ̀. Á wá ní àlàáfíà."

"Àwọn nọ́ọ̀sì ní ó ń ṣe dáadáa," Sreymom dáhùn. Ó wo Mealea fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọ̀sẹ̀ méjì. "Omi tí ò ń gbé wá, má gbé e mọ́ tó bá di ọ̀la. Ọkọ mi ti ra ìkòkò amọ̀ tí wọ́n fi ń sẹ́ omi odò. Èjìká rẹ ti bó jù."

Kò sọ pé òun ti dárí jì í. Mealea kò sì béèrè. Wọ́n ṣì jókòó bẹ́ẹ̀ nígbà tí Ìyá Rotha wọlé láti ẹ̀yìn ilé, ó ru ìdì aṣọ ìdọ̀tí tó ga ju orí rẹ̀ lọ, kò wo ojú ẹnì kankan.

"Wọ́n ní a lè fi fọṣọ," ó ní. "Àbí wọn kò wí bẹ́ẹ̀?"

"Wọ́n wí bẹ́ẹ̀, ìyá," Mealea dáhùn, ó sì dìde lọ fà á fún un.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ka ìtàn yìí, omi tó mọ́ gaara lójú lè má mọ́ nínú, iná kò sì lè pa gbogbo nǹkan. Ẹ bi ẹni tó mọ̀. Bí ẹ bá rí ọ̀dà ìkìlọ̀, ẹ má pa á rẹ́ nítorí pé ó dùn yín. Ẹni tó bá fi irọ́ pe èrò jọ, òun nìkan ni yóò dá wà láàárín wọn. Ẹni tó bá sọ òtítọ́ lè kọ́kọ́ dá wà, ṣùgbọ́n ẹni mẹ́ta tó bá padà wá bá a, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n wá ní tòótọ́.

Ní Prek Rumdul, pọ́ǹpù Ìyá àgbà Ruon ṣì pupa títí di òní. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, àwọn ọmọbìnrin máa ń fọ aṣọ ilé-ìwé wọn níbẹ̀, ọṣẹ á máa hó lọ sídìí igi máńgòrò. Mealea ló ń dá orin, wọ́n sì ti yí ègbè rẹ̀ padà:

"Pọ́ǹpù, pọ́ǹpù, kí lo rí nísàlẹ̀?
Omi ni mo rí, oró wà ńbẹ̀!
Kí la ó wá fi ọ́ ṣe o?
Ẹ fọṣọ, ẹ fọṣọ, ẹ má mu mí!"